Obìnrin Inú Ìwé Àwòrán

Ọ̀rọ̀ kan tí Àdùfẹ́ sọ nípa obìnrin inú ìwé àwòrán ló mú kí Oyèníran lé ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ obìnrin jáde nílé, ní Ajégúnlẹ̀, ní ọdún tí mọ́tò ìlú yìí fi apá òsì sílẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba apá ọ̀tún.

Àdùfẹ́ kò bá ẹnikẹ́ni jà. Kò parọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Ìwé ló kà, ohun tó rò nípa ìwé náà ló sì sọ.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa rán àpò ìdọ̀họ tó bá ya, ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Creek Road, ní Àpápá. Òun àti àwọn obìnrin mìíràn á jókòó sílẹ̀ láàárín àpò, abẹ́rẹ́ gígùn lọ́wọ́, okùn lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọn á máa dí ojú ibi tí ìkọ́ àwọn alábàárù ti fà ya. Ara àpò yẹn náà ló ti kọ́ ìwé. Lẹ́tà dúdú gàdàgbà-gadagba wà lára àpò ṣúgà àti àpò ìrẹsì. Ó ń bi akọ̀wé tó ń ka ẹrù léèrè pé, "Èwo nìyí? Èwo nìyẹn?" títí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi sú akọ̀wé, tó fún un ní ìwé ABD kan kó lè rójú ráyè. Láti ibẹ̀ ló ti ń fa ara rẹ̀ lọ́wọ́ lọ. Nígbà tó yá, ó ń ka Yorùbá geere, ó sì ń fi ìgboyà ka òyìnbó. Èyí tí kò bá yé e níbẹ̀, á fò ó. Kì í fi ìyẹn pamọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ó máa ń wí pé, "Ọ̀rọ̀ tó bá ti gùn ju apá mi lọ, irọ́ ló wà nínú rẹ̀."

Onome, ará Urhobo tó ń fọ aṣọ fún àwọn atukọ̀ ní Liverpool Road, ló ń fún un ní ìwé. Bí ọkọ̀ bá ti fẹ́ ṣí, àwọn atukọ̀ á da ìwé tí wọ́n ti kà tán sínú aṣọ ìdọ̀tí, Onome á ṣà wọ́n jọ. Ìwé tí kò léèpo, ìwé tí tíì dà sí, ìwé tí ẹnì kan ti ya ojú-ewé nínú rẹ̀ láti fi ṣe ohun tí Ọlọ́run nìkan mọ̀. Àdùfẹ́ á bá a rán àpò tó fi ń kó aṣọ, á sì gbé ìwé lọ sílé.

Ilé tó ń gbé ní Ajégúnlẹ̀, yàrá dojú kọ yàrá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo gba àárín, ọgbà ìdáná sì wà lẹ́yìn. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, bí àwọn obìnrin ilé bá ti dáná tán, wọn á fà sábẹ́ òjìji páànù níbẹ̀. Mọ́nsúrátù, ìyàwó Oyèníran, ló fẹ́ràn ìwé jù, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ á yàtọ̀ sí b.

"Àǹtí Àdùfẹ́, kí ni wọ́n ń ṣe nínú ìwé yín lọ́sẹ̀ yìí?"

"Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò jẹun. Sìgá nìkan. Wọ́n fi igi lù ú lórí, ó dìde. Wọ́n tún lù ú, ó tún dìde. Tó bá jẹ́ ọmọ Amukoko ni, ìyá rẹ̀ á ti ká ọwọ́ lérí lẹ́nu ọ̀nà ọsibítù."

"Ṣé ó mú olè náà?"

"Ó mú un. Èmi ti mọ olè náà tipẹ́. Òun nìkan ló ń rẹ́rìn-ín músẹ́ nínú gbogbo wọn."

Eucharia, tó ń ta búrẹ́dì, tó sì ń gbé yàrá ẹ̀gbẹ́ ìlẹ̀kùn, á rẹ́rìn-ín títí á fi fọwọ́ gbá itan. "And the other one? The one wey get fine white woman for back?"

"Ìyẹn? Ọmọbìnrin kan dúró lójú fèrèsé, òjò ń rọ̀, ó ń rántí ọkùnrin. Mo ṣí ìwé, mo ṣí ìwé, òjò kò dá, kò kúrò lójú fèrèsé. Ṣé kò láṣọ tó fẹ́ ká nínú òjò ni? Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ dídùn síbẹ̀ bíi ká fi ṣúgà po ṣúgà. Mo ti fún aláàkàrà."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń sọ ọ́. Ó ní òyìnbó onífìlà gbàràgàdà kan wà tó ń yìnbọn lórí ẹṣin, tí ọta ìbọn rẹ̀ kì í tán, pé kí wọ́n bá òun béèrè ṣọ́ọ̀bù tó ti ń rà á. Kò sí ìwé tó ń bẹ̀rù. Bó bá dára, á ní ó dára, kò ní fi nǹkan mìíràn kún un. Bí kò bá dára, gbogbo ilé á gbọ́.

Ṣùgbọ́n nínú irú ọgbà bẹ́ẹ̀, àwọn ènìyàn kì í sọ̀rọ̀ lásán. Ẹni tí aládùúgbò rẹ̀ bá da omi ìdọ̀tí sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ kì í lọ kan ilẹ̀kùn. Adìẹ rẹ̀ ló máa bá wí. "Ìwọ adìẹ yìí, ìwọ tí o ò mọ ibi tí wọ́n ń da omi sí, ṣé bí ìyá rẹ ṣe kọ́ ọ nìyí?" Adìẹ á máa wo ọ̀tún, á máa wo òsì. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá wí á gbọ́, òun náà á sì pe ọmọ tirẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í bá a wí. Bí wọ́n ṣe ń jà nìyẹn, bí wọ́n sì ṣe ń parí ìjà nìyẹn, láìfojú kanra. Àdùfẹ́ mọ àṣà yìí, ṣùgbọ́n kì í dá a. Bí inú bá bí i sí ọ, iwájú rẹ ló máa wá dúró sí. Kò rò ó rí pé ìwé òun lè di adìẹ lójú ẹlòmíràn.

Ní ọjọ́ Àìkú tí à ń wí yìí, ìwé àwòrán tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe ti òyìnbó. Yorùbá ni. Ènìyàn bíi tiwa ni wọ́n ya fọ́tò wọn, tí wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ sínú èéfín funfun tó jáde lẹ́nu wọn. Mọ́nsúrátù jókòó sórí àpótí, ó há Ràbíátù ọmọ rẹ̀ sáàárín ẹsẹ̀, ó ń di irun fún un. Ràbí ti pé ọmọ ọdún mẹ́rin. Oyèníran ti ru ẹrù mọ́jú ní wọ́ọ̀fù, ó sùn sínú yàrá wọn, fèrèsé ṣí sí ọgbà.

"Àǹtí, ẹ sọ ọ́ fún wa," Mọ́nsúrátù ní.

Àdùfẹ́ gbé ìwé náà sókè. "Ọkùnrin inú èyí ò lọ́pọlọ. Atukọ̀ ni. Ó lọ sókun, ó pẹ́ níbẹ̀, ó dé, ó bá oyún nílé. Ọmọ dé, ó pupa bí epo. Ọkọ dúdú, ìyàwó dúdú. Ẹ wá wò ó bó ṣe gbé ọmọ lọ́wọ́, tó ń kọrin! Kí ló ń kọrin sí? Kó lọ jókòó kó fi ìka ọwọ́ ka oṣù. Obìnrin yẹn ń tàn án jẹ ni."

Òòyà dúró lórí irun Ràbí.

"Ẹnì kan ti ya òpin rẹ̀ lọ," Àdùfẹ́ ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, ohùn rẹ̀ ròkè bó ṣe máa ń rí, "ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ fi òpin ṣe? Ẹ wo ojú rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti jẹ́wọ́."

Eucharia wúkọ́. "Àdùfẹ́, abeg, wetin you cook today?"

"Ẹ̀wà. Ṣé mo parọ́ ni?"

Mọ́nsúrátù dìde, ó fa ọmọ lọ́wọ́, ìdajì irun ọmọ ṣì wà ní títú. Ìgbà yẹn ni Àdùfẹ́ rí i pé ojú gbogbo wọn ti yí padà. Kò mọ ìdí rẹ̀. Ó rò pé ọbẹ̀ ẹnì kan ló ń jóná.

Ní àfẹ̀mọ́jú ọjọ́ kejì, Mọ́nsúrátù kan ilẹ̀kùn. Ojú rẹ̀ wú.

"Àǹtí Àdùfẹ́, kí ni mo fi ṣẹ̀ yín?"

"Ìwọ? O ò ṣẹ̀ mí."

"Tó bá jẹ́ torí garawa yín tí mo gbé láìtọrọ ni, ẹ bá ti gbá mi létí. Ẹ wá gbé ọ̀rọ̀ ọmọ mi síta, lábẹ́ fèrèsé bàbá rẹ̀."

"Ọ̀rọ̀ ọmọ wo? Ìwé ni mo kà, Ìyá Ràbí. Ìwé!"

"Gbogbo ilé ló mọ̀ pé ìwé ni. Bàbá Ràbí náà mọ̀ pé ìwé ni. Ta ni ò mọ̀ pé adìẹ ni adìẹ?"

Ó wá sọ ohun tí gbogbo ọgbà mọ̀, tí Àdùfẹ́ tó kó dé lẹ́yìn wọn kò mọ̀. Ṣáájú kí wọ́n tó bí Ràbí, iṣẹ́ dá ní wọ́ọ̀fù, Oyèníran bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ru ẹrù ní Kútọnù. Nígbà tó dé, oyún ti yọ. Ọmọ kò dúró kí oṣù rẹ̀ pé kó tó wáyé, ó sì pupa, bẹ́ẹ̀ ni bàbá àti ìyá rẹ̀ dúdú. Oyèníran gba ọmọ, ó sọ ọ́ lórúkọ, ó pa àgbò. Ilé ká ọ̀rọ̀ náà bí ẹni ká ẹní, wọ́n fi sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án mọ́.

Àdùfẹ́ jókòó sórí ibùsùn rẹ̀. "Mi ò mọ̀."

"Ta ló máa gbà pé ẹ ò mọ̀? Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé?"

"Mọ́nsúrátù, ṣé èmi ni mo máa ń pòwe mọ́ ènìyàn? O ò mọ̀ mí ni?"

"Èmi mọ̀ yín. Ọmọ rẹ̀ ni Ràbí, mi ò mọ ọkùnrin mìíràn. Ẹ lọ sọ fún un."

Àdùfẹ́ lọ. Oyèníran wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń jẹ orógbó. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, kì í pariwo. Àdùfẹ́ na ìwé náà sí i.

"Bàbá Ràbí, ẹ wò ó. Obìnrin inú fọ́tò yìí ni mo bú. Mi ò mọ ìtàn ilé yín. Kútọnù yín, òní ni mo gbọ́ ọ."

Ó gba ìwé, ó ń ṣí i wò, àwòrán kan tẹ̀lé òmíràn. Nígbà tó dé ibi tó ti ya, ó dúró.

"Òpin rẹ̀ ń kọ́?"

"Kò sí níbẹ̀."

"Ẹ ò mọ òpin, ẹ ti dájọ́."

"Obìnrin inú ìwé ni mo dá a fún."

"Ẹ dá a dáadáa." Ó ká ìwé náà, ó dá a padà fún un tọwọ́tọ̀wọ̀. "Ẹ ṣeun, Àǹtí. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí ọmọ yẹn ni mo ti ń retí ẹni tó máa láyà láti sọ ọ́. Gbogbo wọn ń wo ojú mi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin nìkan lẹ ṣàánú mi."

Ká ní ó bú Àdùfẹ́ ni, ì bá mọ ohun tó máa fi fèsì. Ìdúpẹ́ ló fi ń pa á yìí.

Kò lọ síbi àpò lọ́jọ́ náà. Ó gba Liverpool Road lọ, ó ń yà fún àwọn lọ́rì tí ọ̀nà tuntun kò tíì mọ́ lára, ó bá Onome nídìí ọpọ́n ìfọṣọ.

"Madam Book! You don finish am?"

"Mi ò parí rẹ̀. Òpin rẹ̀ dà?"

Onome ní kò wá láti inú ọkọ̀, ṣé atukọ̀ òyìnbó ló fẹ́ ka Yorùbá? Ọ̀dọ̀ Gregory tó ń gẹrun ní Amukoko lòun ti rí i, àwọn oníbàárà rẹ̀ ló ń kà á bí wọ́n bá ń dúró. Àdùfẹ́ kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó wá Gregory títí, ó rí i létí mọ́ṣáláṣí kan, abẹ́ páànù, dígí kan àti àga kan. Ìwé àwòrán fì lórí okùn bí aṣọ tí wọ́n sá. Òdidi èyí tó ń wá wà níbẹ̀, èépo rẹ̀ kò tilẹ̀ ká.

"Ẹ dá a padà o," Gregory ní, "bí bẹ́ẹ̀ kọ́, orí mi ni wọ́n máa gẹ."

Ìdúró ló ka òpin rẹ̀. Ìyá ọkọ ti abúlé dé, ó wo ọmọ, ó pariwo. Ó ní bí bàbá ọkọ òun ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyí, ó pupa bí epo, àwọn ọmọ rẹ̀ sì dúdú. Ọkọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ìyàwó. Ìyàwó rẹ́rìn-ín. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ nípa ìfẹ́ àti òdodo sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà dùn ju oyin lọ.

Bó ṣe ń padà sílé, ó ń ronú pé ìtàn náà kò dára. Ọkùnrin wo ló ń dọ̀bálẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀? Ìyá wo ló ń dé ní àkókò gẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀? Ká ní ọjọ́ mìíràn ni, ì bá fi í ṣe yẹ̀yẹ́ dọ́ba. Lónìí, ó dì í mọ́ àyà bí ẹni di oògùn.

Ìrọ̀lẹ́ ni, Oyèníran ń múra iṣẹ́. Mọ́nsúrátù wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Ràbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Eucharia náà jáde. Àdùfẹ́ ka òpin ìwé náà sókè, ó ń tọ́ka sí àwòrán kọ̀ọ̀kan. Oyèníran gbọ́ ọ délẹ̀.

"Ẹ ṣeun," ó ní. "Lánàá, obìnrin yẹn ń tan ọkọ rẹ̀ jẹ. Lónìí, ìyàwó mi ti wá sunkún lẹ́nu ọ̀nà yín, ẹ mú ìwé mìíràn dé, obìnrin náà ti di ẹni mímọ́."

"Ìwé kan náà ni! Ẹ wo ojú rẹ̀!"

"Ẹ ti fọwọ́ kan ọgbẹ́, ẹ wá ń fi ewé bò ó. Ẹni tó ń fi ewé bo ọgbẹ́, ó ti rí ọgbẹ́ náà."

Eucharia dá sí i. "Bàbá Ràbí, na only book. This woman mouth no get gate, you sef know."

"Mo mọ̀. Torí kò ní géètì ni mo ṣe gbà á gbọ́."

Ó wọlé, ó gbé Àlùkùránì jáde, ó ti wẹ ọwọ́. Ó ní kí Mọ́nsúrátù gbọ́wọ́ lé e, kó búra pé òun Oyèníran ló ni ọmọ, ọ̀rọ̀ á tán síbẹ̀. Gbogbo wọn ń wo obìnrin náà. Àdùfẹ́ ń sọ ọ́ nínú pé, búra, jọ̀ọ́, búra ká sinmi.

Mọ́nsúrátù kò na ọwọ́. "Ọdún mẹ́rin lẹ ti ń gbé e pọ̀n, ẹ ò béèrè ìbúra. Ọ̀rọ̀ ìwé ló dé, ẹ ń béèrè. Bí mo bá búra lónìí, lọ́la Àǹtí á ka ìwé mìíràn, màá tún búra. Mi ò búra."

"Mọ́nsúrátù, gbọ́wọ́ lé e," Àdùfẹ́ bẹ̀ ẹ́.

"Ẹ̀yin? Ẹ ti sọ tiyín."

Oyèníran kò lu ìyàwó rẹ̀. Ó gbé àpótí rẹ̀ síta, ó gbé ìkòkò rẹ̀ síta, ó tò wọ́n létí ògiri létòlétò bí ẹrù inú ọkọ̀. Ràbí rò pé eré ni, ó ń bá a gbé àwọn tó fúyẹ́. Àdùfẹ́ di ọmọ náà mú lápá.

"Bàbá Ràbí, ẹ wo etí ọmọ yìí. Etí yín ni. Ẹ wo bó ṣe ń rìn!"

Ó bojú wò ó fún ìgbà àkọ́kọ́ bí ẹni tí inú ń bí. "Inú ìwé wo lẹ ti ka ìyẹn?"

Mọ́nsúrátù pọn ọmọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ ti kọjá pípọ̀n, ó gbé ìkòkò rù. Eucharia bá a gbé àpótí dé ojú títì. Mọ́nsúrátù kò jẹ́ kí Àdùfẹ́ fọwọ́ kan nǹkan kan.

Wọ́n ní ìbátan ìyá rẹ̀ kan ló gbà á sí yàrá ní Amukoko. Àwọn àgbà ilé lọ bá Oyèníran, ó gbọ́ tiwọn, ó dúpẹ́, kò yí padà. Nígbà tí Iléyá dé, kò fi ẹran ránṣẹ́ sí ọmọ. Kí òjò ọdún kejì tó bẹ̀rẹ̀, ó ti gbé ìyàwó mìíràn wọlé.

Àdùfẹ́ ṣì ń kàwé, torí kò sí bó ṣe lè gbàgbé lẹ́tà. Kò sẹ́ni tó ń bi í ohun tó wà nínú rẹ̀ mọ́. Bó bá yọ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, àwọn obìnrin á rántí pé àwọn ń sebẹ̀.

Ó pẹ́ kó tó láyà lọ sí Amukoko. Mọ́nsúrátù ń ta ọṣẹ àti kẹrosíìnì lẹ́nu ọ̀nà. Kò lé e. Ó fún un ní àga, ó fún un lómi, ó béèrè àlàáfíà Eucharia, lẹ́yìn náà ó padà sídìí ọjà rẹ̀. Àwọn ọmọ ilé ìwé ń dé. Ràbí wà láàárín wọn, ó ti ga, aṣọ ilé ìwé rẹ̀ tóbi jù ú lọ. Ó kúnlẹ̀ kí Àdùfẹ́ bí ẹni tó ń kí àlejò, kò dá a mọ̀.

"Kí lorúkọ rẹ?" Àdùfẹ́ bi í, torí kò mọ ohun mìíràn tó lè bi í.

Ọmọ náà nàró bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní kíláàsì. "Ràbíátù Sàídù."

Sàídù ni bàbá Mọ́nsúrátù, ó ti kú kí wọ́n tó bí ọmọ náà. Oyèníran wà láàyè, ó ń ru ẹrù ní Àpápá, kò jìnnà sí ibi tí ọmọ náà dúró sí, ṣùgbọ́n kò sí ibì kankan tí wọ́n tún ti ń fi orúkọ rẹ̀ pe ọmọ rẹ̀.